Gọ́ọ̀fù Láìsí Koríko

Bí wọ́n bá dárúkọ gọ́ọ̀fù, koríko ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa: koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, tí ẹ̀rọ ń fọ́n omi sí láàárọ̀ àti lálẹ́. Orí tẹlifíṣọ̀n la ti rí i. Nítorí náà, ẹnu máa ń ya àwọn èèyàn tí mo bá sọ fún wọn pé lórí iyanrìn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a, àti pé orí iyanrìn náà ni àwọn ògbóǹtarìgì láti òkè òkun ti wá gbá ìdíje Nigerian Open nígbà kan rí, ní Ìkòyí, l'Ékòó níbi tí òjò kì í wọ́n.

Ohun tó mú mi kọ ọ́ sílẹ̀ ni àríyànjiyàn kan tó ń lọ lọ́wọ́ nínú ẹbí wa ní Ọlá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ agbègbè wa mọ̀ pé agbára káká ni ẹ ó fi rí agbo ilé tí kò ní ọmọ ní Abidjan. Ọ̀kan lára wọn ni bọ̀ọ̀dá mi kan tó ń ṣòwò níbẹ̀, tí wọ́n sì ti kọ́ gọ́ọ̀fù lọ́hùn-ún. Wọ́n ní kí ẹbí jẹ́ káwọn fi ilẹ̀ wa ṣe pápá gọ́ọ̀fù tí àwọn ọmọ ìlú lè máa wá ṣeré níbẹ̀ tí wọ́n bá wálé ọdún. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà báyìí. Nígbà tí àwọn àgbà béèrè pé omi dà, èsì bọ̀ọ̀dá mi ni pé: “Ṣebí inú aṣálẹ̀ ni Dubai wà? Bí wọ́n bá lè ṣe é níbẹ̀, kí ló dé tí àwa tí òjò ń rọ̀ fún ò ní lè ṣe é?”

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, ó sì yẹ ká dáhùn rẹ̀ dáadáa. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gbá gọ́ọ̀fù nínú aṣálẹ̀, wọn ò sì jọra rárá. Ọ̀nà kìíní ni kí wọ́n gbé omi wá bá aṣálẹ̀ títí yóò fi dà bí ilẹ̀ òyìnbó. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi aṣálẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n wá tún eré náà ṣe kó bá a mu. Ti Dubai ni bọ̀ọ̀dá mi rí. Èkejì ni mo mọ̀, nítorí òun ni mo bá pàdé nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀ ní ìlú kan ní òkè Àríwá, tí kò jìnnà sí ààlà wa pẹ̀lú Niger.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ Dubai. Ọdún 1988 ni wọ́n ṣí Emirates Golf Club níbẹ̀, ìyẹn pápá ìdíje oníkoríko àkọ́kọ́ ní gbogbo agbègbè yẹn. Kó tó dìgbà náà, orí iyanrìn ni àwọn òyìnbó tó ń wa epo lágbègbè ibẹ̀ máa ń gbá tiwọn sí. Omi tí koríko tuntun yìí ń mu, omi òkun ni, tí wọ́n fi ẹ̀rọ yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ wo iye omi tí irú pápá bẹ́ẹ̀ lè gbà. Bí omi bá ga ní mílímítà 1 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ hẹ́kítà 1, lítà 10,000 ni. Nínú ooru aṣálẹ̀, oòrùn àti atẹ́gùn lè fa mílímítà 7 lára koríko lójúmọ́. Ká ní koríko tí wọ́n ń bomi rin jẹ́ hẹ́kítà 30, tí kì í ṣe nǹkan bàbàrà fún pápá oníhò 18, lítà 2,100,000 lóòjọ́ nìyẹn. Tánkà omi tó ń gba lítà 10,000, ọ̀nà 210. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún gbé 210 mìíràn wá. Owó epo rọ̀bì ló ń bu omi yẹn, kì í ṣe òjò, kì í sì í ṣe ọgbọ́n orí nìkan.

Ọ̀nà kejì ni ti Coober Pedy, ìlú kékeré kan láàárín aṣálẹ̀ ní gúúsù Ọsirélíà, tó jìnnà sí ìlú ńlá Adelaide ní nǹkan bíi kìlómítà 850. Òkúta iyebíye tí wọ́n ń pè ní opal ni wọ́n rí níbẹ̀ ní 1915 tí èèyàn fi débẹ̀. Ooru ibẹ̀ le débi pé ọ̀pọ̀ ará ìlú ló gbẹ́ ilé wọn sínú òkè. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún kan kò ju nǹkan bíi mílímítà 150 lọ. Ti agbègbè Èjìgbò lé ní 1,000. Síbẹ̀, wọ́n ní pápá gọ́ọ̀fù oníhò 18, kò sì sí koríko lórí rẹ̀. Ègé koríko oníke kan ni oníkálukú ń gbé rìn. Ibi tí bọ́ọ̀lù rẹ bá balẹ̀ sí, wàá tẹ́ ẹ síbẹ̀, wàá gbé bọ́ọ̀lù lé e, wàá gbá a, wàá tún ká ẹní rẹ máa lọ. Tí ooru bá wá kọjá àfaradà, wọ́n a máa gbá a lóru, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tó ń tàn yòò nínú òkùnkùn. Àdéhùn sì wà láàárín àwọn àti St Andrews ní Scotland, ibi tí gbogbo onígọ́ọ̀fù kà sí orírun eré náà. Aláìníkoríko ń bá ọba koríko jẹun nínú àwo kan náà! (Àbí kí la fẹ́ sọ nípa Alan Shepard, tó gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù méjì lórí òṣùpá ní oṣù kejì ọdún 1971? Kò sí aṣálẹ̀ tó jìnnà tó yẹn.)

Fún ẹni tí kò gbá gọ́ọ̀fù rí, eré náà kò ní àwíjàre púpọ̀. Bọ́ọ̀lù kékeré kan wà tí kò gbọ́dọ̀ wúwo ju gíráàmù 45.93 lọ. Ihò kan wà lọ́ọ̀ọ́kán tó fẹ̀ ní mílímítà 108. Igi tó wà nínú àpò rẹ kò gbọ́dọ̀ ju 14 lọ. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù níye ìgbà tó kéré jù kó tó wọ gbogbo ihò náà ló borí. Kò sí ibì kankan nínú gbogbo èyí tí a ti dárúkọ koríko. Ohun tí koríko ń ṣe ni pé ó ń gbé bọ́ọ̀lù sókè díẹ̀ kí igi lè rí abẹ́ rẹ̀, ó sì ń dá bọ́ọ̀lù dúró nígbà tó bá balẹ̀. Bí koríko ò bá sí, ó di dandan kí nǹkan mìíràn ṣe iṣẹ́ méjèèjì yìí, tàbí kí ìwọ fúnra rẹ yí ọwọ́ padà.

Yíyí ọwọ́ padà yẹn gan-an ló fún mi ní wàhálà lọ́hùn-ún. Ilẹ̀ ibẹ̀ le bí kọ̀ǹkéré. Tí igi bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kì í wọlẹ̀. Ó máa ń ta sókè ni, á wá bá bọ́ọ̀lù ní agbede méjì ikùn dípò abẹ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà á sáré mọ́lẹ̀ bí ọ̀kẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ á sì máa ta ọ́ ṣáá. Ẹní kékeré tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń gbani lọ́wọ́ èyí, wọ́n sì fàyè gbà á fún gbogbo èèyàn. Tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lórí igi, ọ̀rọ̀ yí padà di ti ìgbádùn: afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, bọ́ọ̀lù ń fò jìnnà nínú rẹ̀, bó bá sì balẹ̀, kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun dúró. Mo ti rí bọ́ọ̀lù tó ń yí lọ títí tí kádì fi jókòó dè é. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò yan ọ̀nà. Tó bá kọlu òkúta, ó lè padà wá sọ́dọ̀ rẹ.

Ibi tí ihò wà ni ẹwà eré yìí wà. Ní pápá oníkoríko, green ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Tiwa kò ní àwọ̀ ewé, nítorí náà àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ gbá a ní Nàìjíríà sọ ọ́ ní brown, orúkọ yẹn náà ni gbogbo kádì sì mọ̀ títí dòní: bráwùn. (Àwa tí a kọ́ ẹ̀kọ́ èdè lẹ́ka yìí lè fẹ́ kó ní orúkọ Yorùbá. Mo dán “ojú ihò” wò lọ́dọ̀ kádì kan n'Íbàdàn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé bráwùn lẹ ń sọ ni?” Mo bá fi í sílẹ̀.) Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á lu ilẹ̀ mọ́lẹ̀ ní róbótó títí á fi le, wọ́n á sẹ́ iyanrìn, wọ́n á dà á sórí rẹ̀, á nípọn díẹ̀, wọ́n á wá po epo mọ́ ọn kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ, kí òjò má sì fọ̀ ọ́ dànù. Àwọn ìyá wa tó ń fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ yàrá mọ ọgbọ́n yìí láti ọjọ́ pípẹ́: ilẹ̀ tí nǹkan kan bá dì mú kì í ku eruku.

Lẹ́yìn náà ló kan gbígbá. Ẹni tó bá ti jí gbá àgbàlá rí ní Ọlá ti mọ ìdajì iṣẹ́ kádì. Tí gbogbo bọ́ọ̀lù bá ti dórí bráwùn, ipa ẹsẹ̀ á ti wà níbẹ̀, ojú ibi tí bọ́ọ̀lù já sí náà á sì ti rí wọ́gọwọ̀gọ. Kádì á wá fa àpò tàbí pákó kan kọjá lórí rẹ̀, láti ibi bọ́ọ̀lù dé ojú ihò, kí ọ̀nà lè tẹ́jú. Níbòmíràn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbá fún gbogbo èèyàn. Oníkálukú á gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ wá sójú ọ̀nà náà, ní ìwọ̀n ibi tó jìnnà sí ihò tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá parí, ẹ ó tún gbogbo rẹ̀ gbá fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Èyí wù mí ju ohun gbogbo lọ nínú eré náà. Kò sí ẹni tó lè fi ihò kan sílẹ̀ láìtún un ṣe, nítorí ojú ẹsẹ̀ ni ẹni tó tẹ̀ lé e á mọ̀.

Gbígbá lórí bráwùn kò jọ ti koríko. Bọ́ọ̀lù tó bá já lé e láti òkè kò ní rí nǹkan gbá mú kó lè yí padà sẹ́yìn bí ti orí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá gbọ́n á jẹ́ kó balẹ̀ ṣáájú bráwùn, kó wá rọra yí wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti débẹ̀, iṣẹ́ rọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ sábà máa ń tẹ́jú, bọ́ọ̀lù kì í rọ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì, bẹ́ẹ̀ ni kì í sáré kọjá ihò. Gbá a lágbára tó tó, kó lọ tààrà, ó parí.

Èrò tèmi ni pé èyí wà lára ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkòyí ní 1978. Ọmọ Britain kan tó ń jẹ́ Sandy Lyle, ọmọ 20 ọdún, wá sí Nigerian Open, ó sì gbá bọ́ọ̀lù ní ìgbà 61 péré lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àti 63 lọ́jọ́ kejì. Orí bráwùn ni. Òun ló gba ìdíje náà, ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ tó gbà láti ìgbà tó ti di ẹni tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ ṣe. Ọdún méje lẹ́yìn náà ló gba The Open, ó sì gba Masters ní Amẹ́ríkà ní 1988. Mo mọ àwọn tó máa ń fi 61 yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí yanrìn ló ti gbá a. Mo máa ń bi wọ́n pé orí kí ni àwọn tó bá a díje lọ́jọ́ náà wà.

Bẹ́ẹ̀ bráwùn kì í ṣe ti Áfíríkà nìkan. Pinehurst No. 2, ọ̀kan lára pápá tí Amẹ́ríkà ń fi yangàn jù, iyanrìn ló wà lójú ihò rẹ̀ títí di nǹkan bíi 1935, kí wọ́n tó gbin koríko síbẹ̀ nítorí ìdíje PGA ti 1936. Ní àwọn ìlú àgbẹ̀ kéékèèké lápá àárín Amẹ́ríkà, wọ́n ṣì ń gbá a lórí iyanrìn títí dòní.

Ẹ ó wá bi mí pé kí ló gbé iyanrìn dé Ìkòyí, níbi tí koríko ń hù láìjẹ́ pé ẹnì kan gbìn ín. Ìdáhùn ni pé koríko tó ń hù fúnra rẹ̀ kọ́ ni koríko ojú ihò. Èyí tí bọ́ọ̀lù lè yí lórí rẹ̀ dáadáa kì í ga ju mílímítà mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Ẹ̀rọ pàtàkì ló ń gé e, ó sì fẹ́ẹ̀ jẹ́ ojoojúmọ́. Ó ń fẹ́ ajílẹ̀, ó ń fẹ́ oògùn kòkòrò, ó sì ń fẹ́ omi ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Níbi tí ẹ̀rọ àti owó kò bá sí, iyanrìn ló kù. Ohun tí ọ̀gbẹlẹ̀ fipá mú àwọn ará aṣálẹ̀ ṣe, àpò ló mú àwọn ti Gúúsù ṣe é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Ọlá nìyí. Òjò wa pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í rọ̀ káàkiri ọdún. Láti oṣù kọkànlá di oṣù kẹta, ilẹ̀ wa a máa ya. Ká tilẹ̀ fi gbogbo pápá sílẹ̀ fún koríko igbó, ká sọ pé ojú ihò mẹ́sàn-án péré la fẹ́ máa bomi rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 500 níbùú lóròó, tí oòrùn ọyẹ́ sì ń fa mílímítà 5 lójúmọ́. Lítà 22,500 ni. Ní èdè tí àwọn obìnrin ilé wa á gbọ́, kẹ́ẹ̀gì oní-25 lítà 900 láàárọ̀ kan. Èmi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró níwájú àwọn tó ń tò sídìí ẹ̀rọ omi nínú oṣù kejì ọdún kó sọ fún wọn pé koríko ni omi yẹn ń lọ bá.

Mo wá dá bọ̀ọ̀dá mi lóhùn pé: bẹ́ẹ̀ ni, a lè ṣe é, ṣùgbọ́n ti aṣálẹ̀ tòótọ́ ni ká ṣe, kì í ṣe ti Dubai. Pápá oníhò 18 a máa gba nǹkan bíi hẹ́kítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹbí wa ò ní i, bá a bá sì ní i, ẹ̀gẹ́ ni yóò kúrò fún un. Oníhò mẹ́ta tàbí mẹ́sàn-án tó kúkurú lórí ilẹ̀ yangí tó wà lápá òkè, níbi tí oko kì í ṣe dáadáa, kò ní lé ẹnikẹ́ni kúrò lóko. Wọ́n gbà pẹ̀lú mi lórí ilẹ̀. Ibi tí a ò tíì fẹnu kò sí ni epo.

Epo tí wọ́n sábà máa ń pò mọ́ iyanrìn ni ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ń dà nù, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́ńdẹ̀m, tí àwọn káfíńtà ń fi kun igi òrùlé nítorí ikán. Ó pọ̀, kò wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń mú kí ikán sá fún un náà ló yẹ kó bà wá lẹ́rù. Ó máa ń bo horo ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ ò ní lè dé ìdí ohun ọ̀gbìn mọ́. Èérún irin láti inú ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀, àti òjé nígbà mìíràn, ìwọ̀nyí kì í sì í jẹrà. Nínú aṣálẹ̀ tí òjò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 150, tí kò sí kànga nítòsí, ó lè dúró síbi tí wọ́n dà á sí fún ìgbà pípẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, òjò oṣù kẹsàn-án kan ti tó láti gbé e dé odò. Èyí nìkan ni ibi tí mo ti rò pé aṣálẹ̀ ní àǹfààní jù wá lọ.

Níbi tí mo ti sìnrú ìlú, wọn kò pò epo mọ́ ọn rárá. Iyanrìn lásán ni, tí wọ́n ń fi omi díẹ̀ wọ́n lálẹ́, tí wọ́n sì ń fi àgbá tí wọ́n rọ iyanrìn kún yí lórí rẹ̀. Ìjàǹbá rẹ̀ ni pé bí ọyẹ́ bá jà lóru, ihò á ti dí kí ilẹ̀ tó mọ́, iṣẹ́ gbígbá á sì di ìlọ́po méjì. Èèyàn ni yóò ṣe é, owó ni wọn yóò sì gbà. Mo rọ bọ̀ọ̀dá mi pé kí wọ́n ka owó àwọn ọmọ tí yóò máa gbá bráwùn mọ́ owó ìdásílẹ̀, kó má di pé ọdọọdún tí wọ́n bá dé láti Abidjan ni wọ́n á máa bẹ àwọn ọmọ ilé.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò nínú ẹ̀yin tó ń kà á kò nílò ẹgbẹ́ kankan. Ẹ wá ilẹ̀ tó le, tí kò sí ọ̀nà ẹsẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí bọ́ọ̀lù yìí lè fọ́ èèyàn lójú. Ẹ gbá ojú ihò ní róbótó, kó tó ìgbésẹ̀ méje láti àárín síta, ẹ sẹ́ iyanrìn sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ègé ẹní oníke àtijọ́ tàbí kápẹ́ẹ̀tì gbígbó tó fún gbígbé bọ́ọ̀lù lé. Igi mẹ́ta ti tó: ọ̀kan tó ń gbé bọ́ọ̀lù jìnnà, ọ̀kan fún àárín, àti èyí pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tì í wọlé, ẹ lọ wò ó níbi ọjà òkìrìkà kí ẹ tó ra tuntun. Ní ti ihò, páìpù oní-íǹṣì mẹ́rin tí àwọn púlọ́ńbà ń lò súnmọ́ mílímítà 108 gan-an. Ẹ gé e ní gígùn ìka ọwọ́ kan, ẹ rì í sílẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ojú iyanrìn díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ pákó tí ẹ fi ń tẹ́ ilẹ̀ á máa fà á yọ.